Abà Tó Ní Ilẹ̀kùn Méjì

Lónìí, ọ̀rọ̀ abà kan ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Abà kẹ̀? Ṣé ìtàn ló tán ni?" Ẹ fara balẹ̀ ná.

Abà náà wà ní Avebury, abúlé kan ní Wiltshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Igi ni egungun rẹ̀, pákó ni ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Tí ẹ bá wọlé, ẹ ó rí òpó ńláńlá ní ìlà méjì, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Àwọn òpó yẹn ló gbé òrùlé dúró, ìdí nìyẹn tí pákó lásán fi tó ṣe ògiri. Òrùlé náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, torí òjò gbọ́dọ̀ yára ṣàn kúrò lórí koríko kó tó ráyè wọnú rẹ̀. Bí ó bá dúró síbẹ̀, koríko á jẹrà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló yà mí lẹ́nu jù. Irú abà báyìí máa ń ní ilẹ̀kùn gàgàrà méjì tó kọjú síra wọn, ilẹ̀ ìpakà á sì wà láàárín. Kí nìdí? Afẹ́fẹ́ ni. Àwọn alágbàṣe á fi igi lu àlìkámà, wọ́n á sì máa dà á sókè. Afẹ́fẹ́ á gba ilẹ̀kùn kan wọlé, á gbé ìyàngbò gba èkejì jáde, ọkà á sì já bọ́ sílẹ̀. Ilé náà fúnra rẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ yìí le, eruku rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ alágbàṣe nígbà òtútù tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Ní 1786, Andrew Meikle, ará Scotland, ṣe ẹ̀rọ ìpakà. Nígbà tí ẹ̀rọ náà tàn kálẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ní 1830, àwọn alágbàṣe gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fárígá. Wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà tí wọ́n fi orúkọ "Captain Swing" sí nísàlẹ̀, ẹni tí kò sí níbì kankan. Wiltshire wà lára ibi tó ti gbóná jù. Ìjọba so 19 nínú wọn kọ́, wọ́n sì kó àwọn tó lé ní 400 lọ sí Ọsirélíà.

Lónìí, àjọ National Trust ló ń tọ́jú abà Avebury, àwọn àlejò sì ń wọ ibẹ̀ wòran. Ní tèmi, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà fẹ́ gba iṣẹ́ wa, ilẹ̀kùn méjì yẹn ni mo máa ń rántí. Owó tó tó jẹun làwọn alágbàṣe yẹn ń béèrè. Okùn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká máa bi ara wa: ta ni ẹ̀rọ tuntun máa bọ́, ta ni ebi rẹ̀ máa pa? Ó dìgbà kan ná o.