Ẹ̀rọ Tí A So Mọ́ Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Ìlú Wa

Nínú ìwé ọdọọdún yìí, ìtàn àwọn ọba tí ó ti jẹ ṣáájú àti ti àwọn ọmọ wa tí ó kàwé gboyè ni a sábà máa ń kọ. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, a fẹ́ pìtàn ohun kan tí ń kọjá lójúde olúkúlùkù wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí a kì í sì í béèrè ibi tí ó ti wá. Ohun náà ni alùpùpù.

Àwọn baba wa kò rìn jìnnà kí wọ́n tó rí orúkọ fún un. Bí ó ti ń dún létí wọn ni wọ́n ṣe pè é. Orúkọ ọ̀kadà tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é kò pẹ́ rárá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀, tí ó sì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kí ó tó di alùpùpù, kẹ̀kẹ́ ológeere lásán ni, tí ẹnìkan so ẹ̀rọ mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni èrò yìí ti wá. Ní ọdún 1885, ní Cannstatt ní ilẹ̀ Jámánì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ̀rọ tí ń lo epo sínú férémù onígi kan tí ó jọ kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1897, Michel àti Eugène Werner, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ń gbé ní Paris, gbé ẹ̀rọ kékeré ka orí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi bẹ́líìtì yí ẹsẹ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ yìí rìn, ó sì tà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹrù rẹ̀ wà lókè níwájú, bí ilẹ̀ bá tutù, a máa yọ̀, a sì máa gbé ẹni tí ó gùn ún ṣubú. Ní ọdún 1901 ni wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, níbi tí pẹ́dà máa ń wà. Ẹ wo alùpùpù tí ó bá wà nítòsí yín: ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà títí di òní.

Ẹni tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ jù lọ nínú ìtàn yìí ni Soichiro Honda, ará ilẹ̀ Jàpáànù. Ọdún 1906 ni a bí i. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pẹ̀lú. Ní ọdún 1922, ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ní Tokyo. Nígbà tí ó di ọdún 1928, ọ̀gá rẹ̀ gbà fún un kí ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Hamamatsu. Nígbà tí ó yá, ó dáwọ́ lé ṣíṣe òrùka písítìnì, ó sì kùnà. Ó rí i pé òun kò mọ ìwà irin tó bí ó ti yẹ, ni ó bá padà lọ jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìmọ̀ ni ó wá lọ síbẹ̀; kò gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ogun dé. Bọ́m̀bù ba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan jẹ́, ilẹ̀ ríri sì wó èkejì ní oṣù kìíní ọdún 1945. Nígbà tí ogun parí, ó ta ìpín tirẹ̀. Ìyà wà nílùú nígbà náà: ọkọ̀ ojú irin kún àkúnya, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, kẹ̀kẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá oúnjẹ kiri.

Ní ọdún 1946, Honda rí ẹ̀rọ kékeré kan nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ni ó ti ń fún rédíò wọn níná rí, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mú un lọ sílé láti so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò rí táńkì epo, nítorí náà ó mú ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí fún ìtura lórí ibùsùn, ó fi ṣe táńkì. Níwájú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni òun náà kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ sí, kí rọ́bà kan lè máa fi ara gbo táyà iwájú láti yí i. Táyà ìgbà náà kò dára, kò lè fara dà á. Ni òun náà bá gbé e sọ̀kalẹ̀ sáàárín férémù, ó sì fi bẹ́líìtì yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nǹkan tí àwọn Werner rí kọ́ ní Paris, ìlò ni ó fi kọ́ òun náà.

Sachi aya rẹ̀ ni ó fi kẹ̀kẹ́ náà lé lọ́wọ́ pé kí ó gùn ún láàárín ìgboro. Ìyàwó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tí ó dára jù lọ, ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Nígbà tí ó délé, epo ti ta sí ṣòkòtò náà káàkiri. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ó bá rí báyìí, àwọn oníbàárà yóò bú u. Ọkùnrin yìí kì í gba ìbáwí bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó gbọ́. Nígbà tí ó ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an ní ọdún 1947, ó yí ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé padà, epo kò sì ta síni lára mọ́.

Ẹ̀rọ ológun tí ó rí kó jọ kò ju nǹkan bí 500 lọ. Nítorí ọ̀wọ́n epo, ó ń po bẹntiróòlù mọ́ epo tí wọ́n fún láti ara gbòǹgbò igi. Àwọn ará Jàpáànù pè é ní batabata nítorí bí ó ti ń dún. Àwọn ará Ítálì, tí wọ́n ń so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ lákòókò kan náà, pe tiwọn ní ọmọ ajá. Ẹ rí i pé àwọn tí ó sọ ọ́ ní alùpùpù kò dá nìkan wà.

Ní ọdún 1948, ó dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀. Ní ọdún 1952, Takeo Fujisawa, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, kọ lẹ́tà sí nǹkan bí 50,000 ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ káàkiri Jàpáànù pé kí wọ́n wá bá wọn ta ẹ̀rọ àsomọ́kẹ̀kẹ́ tí wọ́n pè ní Cub. Inú páálí ni ẹ̀rọ náà ń dé, ọwọ́ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni ó sì ti ń di ohun gígùn. Super Cub tẹ̀ lé e ní ọdún 1958. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ pé 100 mílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó wá ń to alùpùpù ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Kí ni a rí kọ́? A ó sọ òótọ́, bí ó tilẹ̀ kan àwa olùkọ́. Ọmọ tí ó bá tú aago baba rẹ̀ wò, aláìgbọràn ni a máa ń pè é. Ọmọ tí kò bá yege ìdánwò, a ó ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́, bí ẹni pé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́. Lónìí, àwọn ọmọ wa tí ń gun alùpùpù pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n mélòó ni ó lè tú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó sì tò ó padà? Ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ń wò. Bátìrì àti ẹ̀rọ oníná ni ayé sì ti ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ báyìí. Bí a kò bá tètè jí, oníbàárà ni a ó tún jẹ́.

Nítorí náà, a rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ wa fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà àti atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kí a ra irinṣẹ́ fún wọn lọ́jọ́ ìgbòmìnira, kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tí ó gboyè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ rántí pé àpótí irinṣẹ́ kan lè tún ayé ọmọ kan ṣe. Ọwọ́ tí a bá tọ́ dáadáa kì í ṣe ọwọ́ òfo. Kí Olódùmarè gbé ìlú wa ga. Àṣẹ.