Bọ́tìnnì Mẹ́wàá: Ètò Ohùn Àkọ́díọ̀nù nínú Orin Jùjú àti Àtúntò Rẹ̀ ní Ayé Ẹ̀rọ Onídíjítà

Àkọ́díọ̀nù tí Isaiah Kéhìndé Dáíró fi gbajúmọ̀ nínú orin jùjú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 kì í ṣe irú èyí tó ní kíì funfun àti dúdú bíi ti dùùrù. Bọ́tìnnì mẹ́wàá péré ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ní ìlà kan ṣoṣo. Àwọn tó ń kọ ìtàn jùjú ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí gángan àti gìtá oníná, ṣùgbọ́n bí ẹni ń dárúkọ àlejò tó kàn yà kí ará ilé ni wọ́n máa ń dárúkọ àkọ́díọ̀nù. Ìyẹn kò tó. Bí wọ́n ṣe to ohùn sórí bọ́tìnnì mẹ́wàá wọ̀nyẹn kó ipa nínú bí orin Dáíró ṣe ń dún létí. Ọ̀rọ̀ náà tún wá gba àfiyèsí nísinsìnyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ onídíjítà gba olórin láyè láti fi bọ́tìnnì èyíkéyìí pe ohùn tó bá wù ú.

Ní ìlú Vienna ni Cyrill Demian ti gba ìwé àṣẹ fún àkọ́díọ̀nù ní ọdún 1829. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti dúró ní ilé àgbẹ̀dẹ rí: ẹwìrì ni wọ́n ń tì tí wọ́n sì ń fà, atẹ́gùn inú rẹ̀ ló ń gbọn àwọn ahọ́n irin pẹlẹbẹ, gbígbọ̀n náà ló ń di ohùn. Lórí àkọ́díọ̀nù onílà kan, ohùn méjì ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún títì, ọ̀kan fún fífà. Bí a bá lo lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń lò, ètò tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí irú rẹ̀ nìyí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: nígbà tí wọ́n bá ń tì í, m s d m s d m s d m, nígbà tí wọ́n bá ń fà á, s t r f l t r f l t. Ohùn àárín, irú èyí tó wà lórí kíì dúdú dùùrù, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀fà ni wọ́n ti bí Dáíró ní ọdún 1930, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ẹgbẹ́ náà ló sì di Blue Spots. Orin ‘Salome’ jáde ní 1962. Ìjọba Bìrìtìkó fún un ní oyè MBE ní 1963. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tó ti wá. Ní apá Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni àwọn elégbè sábà máa ń gbé pọ̀. Ní apá ìlà oòrùn, láti Ìjẹ̀ṣà lọ sí Èkìtì títí dé ẹnu ààlà Àkókó, àṣà wà pé kí elégbè kan máa fi ìpele kẹta bá èkejì rìn: bí ẹnì kan bá mú d, ẹnì kejì a mú m. Ètò yìí gbilẹ̀ nínú ègbè orin Dáíró.

Kí òǹkàwé padà wá wo àwọn bọ́tìnnì náà. Bọ́tìnnì méjì tó fara kan ara wọn ni ìka méjì ń tẹ̀ láìṣe wàhálà. Tí a bá ka gbogbo irú àwọn méjì-méjì bẹ́ẹ̀, níbi títì àti níbi fífà, méjìdínlógún ni wọ́n. Mẹ́tàlá nínú wọn ló ń pe ìpele kẹta. Nítorí náà, ohun tí ọ̀fun àwọn ará ìlà oòrùn ti ń ṣe tipẹ́ ni ìka olórin ń bá pàdé lórí àpótí tí àwọn ará Yúróòpù tò fún orin tiwọn. Kò pọn dandan láti sọ pé torí èyí ni Dáíró fi yàn án. Ó tó láti rí i pé nígbà tó mú un, kò sí ìjà láàárín ọwọ́ àti ohùn.

Ọ̀ràn ti àmì ohùn tún jìnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ pé d ni ohùn ìsàlẹ̀, r ni ohùn àárín, m ni ohùn òkè. Lórí àkọ́díọ̀nù yìí, títì ni d àti m, fífà ni r. Ẹni tó bá fẹ́ fi í pe ‘bàbá’, d m, kò ní yí ẹwìrì padà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ‘àlejò’, d r d, yóò tì, yóò fà, yóò tún tì. Ohùn orin kì í dúró sórí d r m nìkan, gbogbo ẹni tó ń kọrin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó hàn pé ohùn àárín ń gba mímí tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Gángan lè yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì. Àkọ́díọ̀nù kò lè yọ̀. Ńṣe ló ń já a, tó ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Jíjá yẹn ló ń bá ìlù lọ bí ẹni pé òun náà jẹ́ ìlù kan.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olórin Zulu kò fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe dé. Wọ́n ní kí àwọn tó ń tún konsẹtínà ṣe tún àwọn ahọ́n irin inú rẹ̀ tò kí bọ́tìnnì lè bá orin wọn mu. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí àwọn yòókù tẹ̀ lé àpótí: okùn gìtá ṣeé fà le, ọṣán gángan ṣeé fún, ẹnu akọrin ṣeé gbé sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n irin kò gba ẹ̀bẹ̀ lórí pápá ìnáwó.

Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù gba ipò nínú jùjú ní àwọn ọdún 1980, tí Shina Peters sì gbé *Ace* jáde ní 1989, àkọ́díọ̀nù di ohùn kan láàárín ọ̀pọ̀. Nínú ètò General MIDI ti 1991, òun ni ohùn kejìlélógún nínú 128. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà-Àkókó, gẹ́gẹ́ bí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, akíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì a kàn tẹ bọ́tìnnì kan kí gbogbo kíì lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ bá ẹni tó dá orin láìbéèrè ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹwìrì kò sí níbẹ̀, títì àti fífà kò sì sí.

Ní 2004 ni Roland mú V-Accordion jáde. Ẹwìrì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ahọ́n irin nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń wọn agbára tí ọwọ́ fi ń tì tàbí fà. Nígbà tí èyí tó ní bọ́tìnnì dé, olórin lè yan ètò bọ́tìnnì tó mọ̀ láàárín oríṣiríṣi, kí ó tún pinnu bí ohùn yóò ṣe máa gbọ̀n tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ ta orin Dáíró yóò ní láti kọ́kọ́ pinnu nǹkan kan. Bí ó bá yan ètò tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ti ń pe ohùn kan náà ní títì àti ní fífà, r kò ní gba mímí tirẹ̀ mọ́, ‘àlejò’ yóò sì jáde ní ìfà kan ṣoṣo. Ohùn tó tọ́ ló máa dún, ṣùgbọ́n jíjá tó ń bá ìlù lọ ti lọ. Fún orin yìí, ètò olóhùn méjì ló yẹ, bó tilẹ̀ dà bí ohun àtijọ́ lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ní ti àwọ̀ ohùn, ti Ítálì àti ti Faransé ni àwọn aṣe-ẹ̀rọ sábà máa ń kó síwájú. Ti jùjú ni olórin fúnra rẹ̀ ní láti fi etí wá.

Dáíró kọ́ni ní Yunifásítì Washington ní Seattle ní 1994 sí 1995, ó sì kú ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1996. Àwọn àwo rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìwé tó bá kọ ohùn orin rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti dùùrù, láìfi àmì títì àti fífà hàn, ti fi ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé fi etí mọ̀: níbi tí d tàbí m bá ti dún, títì ni, níbi tí r, f, l tàbí t bá ti dún, fífà ni. Kìkì s ìsàlẹ̀ ló wà níhà méjèèjì, ohùn tó bá ṣáájú rẹ̀ tàbí tó tẹ̀ lé e ni yóò máa tọ́ka ibi tí ọwọ́ wà.