Aáró Ló Bí Oyè Ológun

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ní àgbolé wa l'Abẹ́òkúta, òwe yìí ni wọ́n fi ń jà. Oyè ológun kan ṣófo lẹ́yìn ikú ẹni tó jẹ ẹ́, ẹ̀ka ìdílé méjì sì ń du ú. Àwọn kan ní ti bàbá àwọn ni. Àwọn kejì ní ó ti kàn wọ́n. Mo jókòó sẹ́yìn ìpàdé náà, mo ń bi ara mi léèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ènìyàn di ológun nílẹ̀ Ẹ̀gbá?

Ìtàn Lísàbí kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbá ń sin Ọ̀yọ́, aáró ni Lísàbí fi kó àwọn ènìyàn jọ. Wọ́n á ro oko ẹni kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Nígbà tí ó kan òun, kò bẹ̀ wọ́n ní oko ríro. Ó ní kí wọ́n bá òun dìde sí àwọn aṣojú Ọ̀yọ́ tó ń ni wọ́n lára. Bí ẹgbẹ́ aláàáró ṣe di ẹgbẹ́ ológun nìyẹn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé, o ti bá mi ṣe, èmi náà yóò bá ọ ṣe.

Ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká láàárín ọdún 1820 sí 1830. Ṣódẹkẹ́, tó jẹ́ Sẹ̀ríkí, ló ṣáájú àwọn tó sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀ pẹ̀lú Ògbóni àti Balógun tirẹ̀. Ọdún 1854 ni wọ́n tó fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Dahomey ti gbógun wá ní March 3, 1851, Ẹ̀gbá sì ti lé wọn padà láìní ọba kan ṣoṣo lórí gbogbo wọn.

Ṣé ìdílé kò wá níye lórí ni? Ó níye. Ológun ló ń bọ́ ọmọ ogun rẹ̀, tó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn. Ọmọ rẹ̀, ẹbí rẹ̀, ìwọ̀fà àti ẹrú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Bó bá kú, ìbọn àti ènìyàn wọ̀nyí kì í bá a wọ sàréè. Ilé rẹ̀ ni wọ́n wà. Mo rò pé ibẹ̀ ni oyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ilé.

Síbẹ̀, ẹ wo Ẹfúnróyè Tinúbú. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó sì padà sílé. Nígbà tí Dahomey tún dé ní 1864, òun wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Ọdún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Wọn kò bi í pé ta ló jẹ ẹ́ rí nílé bàbá rẹ̀.

Mo tọrọ àyè nípàdé náà, mo ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ló ti bá àdúgbò yìí ṣe aáró rí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Àga náà ṣì ṣófo. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ló yẹ kí á wò kí á tó fi í joyè.