Ìdíwọ̀n Ìtẹ́wọ́gbà Ààrẹ àti Ìbò Àwọn Ìpínlẹ̀ Aláìdúrósójúkan: Àpẹẹrẹ Harry Truman Lọ́dún 1948

Ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Òwe yìí bá ìtàn ìdìbò sípò ààrẹ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà mu gidigidi, pàápàá jù lọ nígbà tí ààrẹ tó wà lórí oyè bá ń wá sáà mìíràn. Ọdún 1935 ni George Gallup dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí èrò ará ìlú sílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà náà tí ilé-iṣẹ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ènìyàn léèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ọ̀nà tí ààrẹ ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí wọn kò fara mọ́ ọn. Iye àwọn tó bá fara mọ́ ọn nínú ọgọ́rùn-ún ni ìdíwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà ààrẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn òṣèlú sọ ọ́ di awòye: bí ó bá ròkè, wọ́n a ní ààrẹ yóò wọlé, bí ó bá wálẹ̀, wọ́n a ní oyè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdìbò ọdún 1948 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ìtàn náà tó lè yéni, ó yẹ kí ètò ìdìbò Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yéni. Kì í ṣe àròpọ̀ ìbò gbogbo ará ìlú ló ń sọ ẹni tí yóò di ààrẹ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àwọn aṣojú-olùdìbò tirẹ̀, ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìpínlẹ̀ náà, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá fi ẹyọ kan ṣoṣo ju ti ẹnì kejì lọ ni yóò kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ náà lọ. Lọ́dún 1948, aṣojú 531 ló wà lápapọ̀, ẹni tó bá ní 266 ló borí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí gbogbo ayé ti mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń dìbò fún láti ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n ti ń ti Republican lẹ́yìn lónìí ni wọ́n lè yí padà sọ́dọ̀ Democrat lọ́la. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ aláìdúrósójúkan wọ̀nyí ni ìjà gidi ti ń wáyé.

Oṣù kẹrin ọdún 1945 ni Harry Truman gorí àga nígbà tí Franklin Roosevelt kú. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Gallup rí i pé ìdá 87 nínú 100 ará ìlú ló fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ogun parí, ọjà wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹran sì ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Nígbà tí ọdún 1946 fi máa parí, ẹgbẹ́ Republican ti gba ilé aṣòfin méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948, oṣù méje péré ṣáájú ìdìbò, ìdíwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà Truman ti wálẹ̀ sí 36. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ Democrat tirẹ̀ gan-an fọ́ sọ́nà mẹ́ta. Àwọn aláwọ̀ funfun Gúúsù tí inú ń bí nítorí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tẹ̀ lé Strom Thurmond. Àwọn tó rò pé Truman le koko jù sí Rọ́ṣíà tẹ̀ lé Henry Wallace. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Thomas Dewey, gómìnà New York, ti wọlé tán.

Ohun tí nọ́ńbà 36 yẹn kò lè sọ ni ibi tí àwọn tínú wọn kò dùn ń gbé, àti ìdí tí inú wọn kò fi dùn. Olùdìbò Mississippi tó bínú sí Truman nítorí ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú àti òṣìṣẹ́ Ohio tó bínú nítorí owó ọjà, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìdíwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀kan náà nínú ìdìbò. Ará Mississippi náà kò jẹ́ dìbò fún Dewey láéláé. Thurmond ló dìbò fún. Òṣìṣẹ́ Ohio ẹ̀wẹ̀ lè bínú sí ààrẹ lónìí, kí ó sì tún dìbò fún un lọ́la bí ó bá rò pé ti ẹnì kejì yóò burú jù ú lọ. Ìbéèrè tí Gallup ń béèrè ni pé, “Ǹjẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin yìí tẹ́ ọ lọ́rùn?” Ìbéèrè tí ìwé ìdìbò ń béèrè ni pé, “Ta ni ó yàn nínú àwọn wọ̀nyí?” Àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè méjèèjì ni Truman gbà kọjá.

Kò ṣèèṣì gbà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1947, Clark Clifford, olùdámọ̀ràn ààrẹ, gbé ìwé ìmọ̀ràn kan tí James Rowe kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ síwájú Truman. Ìwé náà tọ́ka sí àwọn àgbẹ̀ ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ṣí kúrò ní Gúúsù lọ sí àwọn ìlú ńlá Àríwá gẹ́gẹ́ bí àwọn tó lè pinnu ìdìbò. Ìwé náà ṣe àṣìṣe kan: ó gbà pé Gúúsù kò lè kúrò lẹ́yìn Democrat. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ lágbára. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1948, Truman fọwọ́ sí àṣẹ tó fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ ológun. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri orílẹ̀-èdè, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀ kéékèèké. Ní oṣù kẹsàn-án, ní Dexter, ìpínlẹ̀ Iowa, ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi ìdíje ebè kíkọ. Ó dẹ́bi ìṣòro àgbẹ̀ lé ilé aṣòfin Republican lórí, nítorí òfin kan tí wọ́n ṣe ti jẹ́ kí ó ṣòro fún ìjọba láti pèsè àká tí àgbẹ̀ yóò kó ọkà pamọ́ sí. Ọkà pọ̀ lóko lọ́dún náà, iye owó rẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Báyìí ni Truman ṣe sọ ìdìbò tó jẹ́ ìdájọ́ lórí ara rẹ̀ di ìdájọ́ lórí àwọn alátakò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ìbò jáde. Truman ní aṣojú 303, Dewey ní 189, Thurmond ní 39. Iowa, Wisconsin àti Ohio, tí wọ́n dìbò fún Dewey lọ́dún 1944, yí padà sọ́dọ̀ Truman. Ìbò 7,107 péré ni ó fi borí ní Ohio, 17,865 ní California, 33,612 ní Illinois. Aṣojú 78 ni ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní lápapọ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́ sọ́wọ́ Dewey, 267 ni ì bá ní, ì bá sì di ààrẹ. Ìyàtọ̀ ìbò nínú ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó 60,000. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn òpìtàn ti tọ́ka sí ìbò aláwọ̀ dúdú ní àwọn ìlú ńlá gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbé Truman dé èbúté. Ìwé ìròyìn Chicago Daily Tribune ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní òru ọjọ́ náà pé Dewey ti borí. Àwòrán Truman tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé ìwé ìròyìn náà sókè, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Àwọn olùwádìí náà jẹ nínú ìtìjú ọ̀hún. Ìwádìí ìkẹyìn tí Gallup ṣe fún Dewey ní ìdá 49.5, ó fún Truman ní 44.5. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé wọ́n ti dáwọ́ ìwádìí dúró kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, wọn kò sì rí àwọn tó pinnu ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣa àwọn tí wọ́n ń bi léèrè náà ní àléébù.

Síbẹ̀, kò ní tọ̀nà kí ènìyàn ka ìtàn yìí tán kí ó sọ pé ìdíwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà kò wúlò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, lẹ́yìn ogun Kuwait, George H. W. Bush ní ìdá 89; nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1992 ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 30, Bill Clinton sì fi aṣojú 370 sí 168 gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2004, ìdá 48 tí ọmọ rẹ̀ ní tó o, nítorí pé ó fi ìbò tó lé ní 118,000 borí ní Ohio. Lọ́dún 2020, ìdá 46 tí Donald Trump ní kò tó o: ìbò tó dín sí 43,000 ní Arizona, Georgia àti Wisconsin ni kò jẹ́ kí aṣojú òun àti ti Joe Biden dọ́gba ní 269. Lọ́dún 2024, ìdíwọ̀n Biden náà wálẹ̀ sí 36 bíi ti Truman, ó sì fi ìdíje sílẹ̀ ní oṣù keje. Nọ́ńbà kan náà, ìgbẹ̀yìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ìdíwọ̀n náà ń sọ ni bí ẹrù ààrẹ ti wúwo tó. Kò sọ bóyá èjìká rẹ̀ yóò lè gbé e.

Ẹ̀kọ́ yìí kan Nàìjíríà náà. Òfin ọdún 1979 gba ààrẹ alágbára láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò gba àwọn aṣojú-olùdìbò. Dípò wọn, ó ní kí ẹni tí yóò borí ní ìbò tó pọ̀ jù, kí ó sì ní ìdá mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ 19 ìgbà náà, àríyànjiyàn lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ló gbé ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979. Orílẹ̀-èdè méjèèjì gbà pé iye orí nìkan kò tó. Ibi tí àwọn orí náà wà ṣe pàtàkì. Amẹ́ríkà fi èyí fún ìpínlẹ̀ díẹ̀ lágbára láti pinnu fún gbogbo ènìyàn. Nàìjíríà fi í fipá mú olùdíje láti wá ojúrere kọjá ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí yóò ka nọ́ńbà ìtẹ́wọ́gbà ní orílẹ̀-èdè yòówù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè irú òfin tí yóò sọ ọ́ di ìbò.