Òru Orion ní Ìbà

Kámẹ́rà kì í gbàgbé aago. Wákàtí wà lára gbogbo fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn kí Kérésìmesì tó dé, òun ni mo sì fi ń to ọjọ́ náà padà níhìn-ín. M42 ni mo ń dọdẹ, nẹ́búlà tó wà níbi idà nínú àgbájọ ìràwọ̀ Orion: gáàsì àti eruku tó fẹ̀ lọ salalu lójú ọ̀run, tí àwọn ìràwọ̀ tuntun ń tinú rẹ̀ jáde. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí 1,300 ọdún kó tó kan ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbà. Nígbà tó gbéra, kò sí ohun tó ń jẹ́ Èkó.

Aago 11:20 àárọ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ nínú káàdì kì í ṣe ti ìràwọ̀ rárá. Bátìrì ni, lórí káńtà ní ọjà Alaba. Mo yà á kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo bá yíjú. Ọmọkùnrin tó ń tà á bi mí bóyá ti ínfátà ni àbí ti mọ́tò. Mo ní ti tẹlisíkóòpù. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kúkú tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ fún yín." Mítà ka vóòtì 12.7, ó kún dáadáa. Ìwé tó bá ẹ̀rọ mi wá ní kí n kàn kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò gbé Ìbà rí.

Ohun tó gba iná ni pé ayé ń yí. Láàárín wákàtí kan, ojú ọ̀run á ti sún ní dígírì 15 lójú wa, ìràwọ̀ tí kámẹ́rà bá tẹjú mọ́ á sì di ìlà gbọọrọ. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí tẹlisíkóòpù tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mọ́tò náà kò sì gbọdọ̀ dúró nígbà tí NEPA bá ṣe tiwọn.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Alaba dé Ìyànà Ìbà ló jẹ ọ̀sán mi. Kò sí ohun tuntun tí mo lè sọ nípa ìyẹn.

Aago 4:45 ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta láàárín kànga àti okùn ìsáṣọ. Ìwé ní kí n kọjú òpó rẹ̀ sí Polaris, ìràwọ̀ àríwá tí kì í fẹ́ẹ̀ yẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ojú ọ̀run ń yí ká. Ó rọrùn fún wọn láti sọ. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó ni Polaris ṣe ń ga tó níbẹ̀: dígírì 51 àtààbọ̀ ní London, dígírì mẹ́fà àtààbọ̀ péré lọ́dọ̀ tiwa. Dígírì mẹ́fà àtààbọ̀ kò ga ju ògiri aládùúgbò mi lọ. Lẹ́yìn ògiri ni táńkì omi wà, lẹ́yìn táńkì ni ilé alájà mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ni kùrukùru ọyẹ́ tó bo ọ̀nà Ìgándò. N kò tíì fojú kan Polaris láti Ìbà rí.

Ọgbọ́n tí a ń dá ni pé a ó fi kọ́ńpáàsì wá àríwá ná. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó mú ìràwọ̀ kan tó sún mọ́ àtàrí, a ó gbé e sí ìkòríta okùn tín-ín-rín méjì tó wà nínú awò, a ó wá máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń yọ́ lọ sókè, a ó yí òpó díẹ̀ sápá kan. Bó bá ń yọ́ lọ sísàlẹ̀, a ó yí i sápá kejì. Ó ń gba sùúrù, ó sì ń dun ọrùn.

Oòrùn wọ̀ láago 6:36. Kí aago mẹ́jọ tó lù, òkùnkùn ti kún. Tiwa kì í fa ìrọ̀lẹ́ gùn bíi ti òkè òkun. Orion ti yọ, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ìgbànú rẹ̀ tò lóòró lókè òrùlé páànù. Àmọ́ apá ìlà oòrùn yẹn ni Festac àti Apapa wà, iná wọn sì ti ba ìdí ọ̀run jẹ́. Kò sóhun tó yá jù kí n jẹun.

Aago 9:40. Nínú fọ́tò aago 9:39, ojú sánmà pọ́n rúsúrúsú. Nínú ti 9:41, ó dúdú. Láàárín méjèèjì, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò pòṣé, èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má bínú sí mi. Láti ìrọ̀lẹ́ ni gílóòbù funfun tí Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, gbé sórí ògiri nítorí olè ti ń sá lu dígí mi, n kò sì lójú tí mo fẹ́ fi ní kó pa á.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Jẹnẹrétọ̀ I-better-pass-my-neighbour bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójúlé kan tẹ̀lé òmíràn. Ariwo kò ṣe ìràwọ̀ ní nǹkan kan, ilẹ̀ tó ń gbọ̀n ni ìṣòro. Nínú àwọn fọ́tò aago mẹ́wàá, gbogbo ìràwọ̀ ló gùn sápá kan náà bíi kóró àgbálùmọ̀. Mo gé táyà àlòkù sí wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dín kù.

Aago 11:15. Ọlọ́dẹ àdúgbò na irin mọ́ òpó iná, ó yọjú lẹ́nu géètì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bínú o. Kí lẹ dojú ẹ̀ kọ òkè yẹn? Ó jọ àgbá."

Mo ní kó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dijú kan, ó pẹ́ níbẹ̀. "Èéfín ni mo rí o."

Kò purọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré báyẹn, ojú ènìyàn kì í mọ àwọ̀ mọ́, eérú ló ń rí. Háídírójìn ibẹ̀ pupa, kámẹ́rà tó lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún ìgbà pípẹ́ ló sì máa fi í hàn. Kámẹ́rà ọjà pàápàá, àwọn tó ṣe é ti fi dígí kan sínú rẹ̀ tó ń lé ọ̀pọ̀ nínú pupa yẹn padà, kí àwọ̀ èèyàn lè gún régé nínú fọ́tò. Ẹni tó bá mi tú tèmi yọ dígí náà kúrò. Láti ìgbà náà, kò ṣeé gbé lọ síbi ìnáwó mọ́. Gbogbo àlejò ló ń pọ́n.

Aago 12:28 òru. Orion dé ibi tó ga jù. Ní London, nẹ́búlà rẹ̀ kì í kọjá dígírì 33, inú afẹ́fẹ́ tó nípọn ni wọ́n ti ń yọjú wò ó. Ní Ìbà, dígírì 78 ni, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí àtàrí gan-an. Polaris tí wọ́n fi dù wá, wọ́n ti san án padà níbí. Epo ti tán nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀, ìṣọ́-òru ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì ti kúrò lórí ìlù, ó ti bọ́ sórí ìwàásù. Láti ìgbà yìí títí di aago méjì ni gbogbo ohun gidi inú káàdì náà ti wá.

Kámẹ́rà á lajú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, á pa á dé, á tún là á. Fọ́tò ẹyọ kan kò jámọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n tí a bá to ọ̀pọ̀ léra nínú kọ̀ǹpútà, gáàsì tí kì í kúrò lójú kan á máa lágbára sí i, àwọn àmì èké tó ń hù káàkiri á sì máa pa ara wọn rẹ́. Àwọn aṣáájú kò ní irú àǹfààní yìí. Henry Draper, dókítà ará New York, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò nẹ́búlà yìí, ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án, 1880: àwo dígí kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 51 gbáko. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Andrew Common, tó ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ìmọ́tótó jẹun, ya tirẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ealing, lẹ́bàá London, àwọn ìràwọ̀ tí ojú kò lè rí sì hàn nínú rẹ̀. Royal Astronomical Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní 1884. Ti Common ló wù mí jù. Iṣẹ́ òòjọ́ lọ́sàn-án, ẹ̀yìnkùlé lóru.

Aago 1:05. Ooru lé aládùúgbò mi kan jáde, ọmọ Igbo tó ń tajà ní Alaba. Ó bi mí bóyá tiwa kankan wà lókè yẹn. Mo ní ó wà: ní 2019, wọ́n gbà kí Nàìjíríà fún ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ HD 43197 lórúkọ, Amadioha ni wọ́n pè é, wọ́n sì pe pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká ní Equiano. Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ Sirius, lápá gúúsù. Ojú lásán kò tó o. Ó pàtẹ́wọ́. "Amadioha! Ọ̀gá, ẹ yà á fún mi." Mo ní tó-tó-tó ni yóò rí, bíi ti àwọn yòókù. Ó ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Aago 2:10. Ìrì. Fọ́tò mẹ́ta léra wọn, nẹ́búlà ń ràn, ó ń fẹ̀, ó di kùrukùru. Mo tan tọ́ọ̀ṣì: dígí iwájú ti fọ́jú, omi wẹ́wẹ́ ti bò ó. Èèyàn kò gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún, yóò ha. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo rán wáyà gbígbóná sínú rẹ̀ ni mo ń wé mọ́ ọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n inú bátìrì kan náà ló ti ń mu iná. Mítà ti wálẹ̀ sí 11.9. Bí mo bá gbẹ́ ìrì, mọ́tò lè kú. Bí mo bá tọ́jú mọ́tò, dígí kò ní ríran. Mo yan dígí.

Aago 3:20. Mo dé tẹlisíkóòpù lórí, mo ń ya òkùnkùn. Òru Èkó kì í tutù, ooru inú kámẹ́rà sì máa ń bí àmì èké. Tó bá fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà móoru sí i, wọ́n ti di ìlọ́po méjì. Fọ́tò òkùnkùn yìí ni kọ̀ǹpútà yóò fi yọ wọ́n kúrò. Àwọn tó wà nílẹ̀ òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wàhálà lórí ìyẹn.

Aago 5:40. Ìpè àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí iná dé. Mo da gbogbo ti aago mẹ́wàá nù. Èyí tó ṣẹ́kù lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 51 ti Draper. Ètò kọ̀ǹpútà DeepSkyStacker tò wọ́n léra, mo fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, apá méjèèjì nẹ́búlà náà là, ó pupa. Àárín rẹ̀ funfun jù. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó yẹ kó dá dúró níbẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀.

Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi. "Pupa yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ kùn ún?"

Mo ní n kò kun nǹkan kan. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì nígbà náà, kó yéé bi òun ohun tí mo ń wá kiri lóru. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo fi ti 9:39 àti 9:41 tì í, kó fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Èsì dé kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀: ó dára púpọ̀, Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n yín, Alàgbà, àmọ́ òun ò ní pa gílóòbù o, olè ò mọ ìràwọ̀.