Dùùrù Àtẹ̀, Dùùrù Àlù: Bí Ohùn Píánò Ṣe Dé Ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè

Yorùbá kì í lu dùùrù. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n ohun èlò orin tí ó bá ti ní eyín funfun àti dúdú, ibi yòówù tí ó ti wá, dùùrù ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, títẹ̀ sì ni ìṣe rẹ̀. Orúkọ náà gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí háàpù Dáfídì inú Bíbélì Yorùbá fi ń jẹ́ dùùrù pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré yẹn, títẹ̀, ni ó sún mọ́ ìdáhùn jù lọ sí ìbéèrè kan tí ó ti ń yọ àwọn atẹdùùrù lẹ́nu nínú ìjọ àti lóde àríyá láti ìgbà tí dùùrù oníná ti gbòde: kí ló dé tí ẹ̀rọ tí a gba ohùn píánò gidi sínú rẹ̀ kì í fi í dún bíi píánò gidi?

Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ibi tí ó dára láti dúró sí wo ìtàn yìí, nítorí pé ìlú náà jẹ́ kí a rí bí ó ti ṣòro tó láti gbé píánò dé ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ. Orí òkè àpáta ni ìlú àtijọ́ wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn ará ibẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè ní apá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Títí di òní, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò yóò gùn kí ó tó rí ààfin Ọwá ti ìgbà náà, ilé ẹjọ́, ilé agogo àti ilé ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè. Píánò tí a ń gbé ti ògiri lè wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ. Irú èyí tí ó ń wà nínú gbọ̀ngàn ńlá sún mọ́ 500. Alárù wo ni yóò ru irin àti pákó bẹ́ẹ̀ gun àpáta? Ohun tí ó lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀ kò ju ohùn ènìyàn, ìwé orin, agogo, àti, bí apá bá ká a, dùùrù afẹ́fẹ́ kékeré lọ.

Sísọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè kò sì fi bẹ́ẹ̀ mú un rọrùn. Ilẹ̀ kòkó ni Ìdànrè, ilẹ̀ tí kòkó bá sì ti ń ṣe dáadáa, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Pákó inú píánò a máa mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ, a sì lè sán. Okùn inú rẹ̀ a dẹ̀, ohùn a yẹ̀. Píánò tí kò rí ẹni yí okùn rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ ti kúrò ní ohun èlò orin, ó ti di àpótí tí a ń gbé fọ́tò lé.

Ní ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán Charles Phillips sí Oǹdó, orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá sì tàn ká agbègbè náà. Dùùrù tí ó bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ bí ẹni fẹ́ ewìrì àgbẹ̀dẹ. Atẹ́gùn ni ó ń mú ahọ́n irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ gbọ̀n. Ilẹ̀kùn atẹ́gùn lásán ni eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ìka bá bà lé e bí ìyẹ́ ẹyẹ, bí ó sì gún un bí ọmọ odó, ohùn kan náà ni yóò jáde. Ẹsẹ̀ ni ó ń sọ bí yóò ti ké tó, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tí ó bá tẹ irú dùùrù bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún yóò mọ bí a ti ń di eyín kan mú títí èyí tí ó kàn yóò fi gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, yóò mọ bí a ti ń so orin pọ̀ bí ẹni sin ìlẹ̀kẹ̀. Ìwọ̀n ọwọ́ ni kò ní mọ̀, nítorí pé ohun èlò náà kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n rí já jẹ ti ní píánò nínú yàrá àlejò wọn kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, wọ́n sì ń ṣe àpèjọ orin lálẹ́. Robert Coker gbayì nínú irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Mozart Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀, ọ́gàánì ṣọ́ọ̀ṣì ni ó jókòó sórí ìtẹ́. T. K. E. Phillips, tí ó kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, gba iṣẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó ní ọdún 1914, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1962. Ìjà tí ó jà ní gbogbo àkókò yẹn, tí ó sì fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1953 lórí orin Yorùbá ṣàlàyé, ni pé kí orin má ṣe yí ohùn ọ̀rọ̀ padà di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu akọrin. Fela Sowande, tí ó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, tẹ ọ́gàánì dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá olórin Adelaide Hall ṣe àwo ní ọdún 1939. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò mọ píánò. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbé lọ sí ìgbèríko ni ọwọ́ ọ́gàánì.

Píánò kò sì sí nínú ìdílé ọ́gàánì rárá. Bartolomeo Cristofori ni ó ṣe é ní ìlú Florence ní Ítálì ní nǹkan bí ọdún 1700. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí ó ṣẹ́ kù, tí a ṣe ní 1720, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Inú ọ̀rọ̀ Ítálì méjì tí ó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́ àti kíkan ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí pé ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Bí a bá fi ìka kan eyín rẹ̀, òòlù kékeré kan yóò fò sókè, yóò lu okùn, yóò sì padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìlù. Bí ọwọ́ bá ṣe yá tó ni ohùn yóò ṣe ké tó. Píánò òde òní ní eyín 88 àti okùn bí 230, tí gbogbo wọn so mọ́ férémù irin. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàálì ọ̀tún, ohun tí ó di àwọn okùn náà mú yóò tú wọn sílẹ̀, èyí tí a kò lù yóò sì máa hùn tẹ̀lé èyí tí a lù. Ẹni tí ó bá ti tẹ́tí sí ṣaworo etí ìyáàlù dáadáa, bí wọ́n ti ń mì tí wọ́n sì ń dún nígbà tí ọ̀pá bá kan awọ, yóò mọ irú ìbátan tí à ń wí.

Ẹni tí ó mọ ìbátan yìí ju gbogbo ènìyàn lọ ni Akin Euba. Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1935, baba rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ fi píánò hàn án. Ó lọ sí Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ó kàwé sí i ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní Legon ní ọdún 1974 kò ti ọ̀dọ̀ Mozart wá: orí ìlù dùndún ni ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Euba ni ó fún ọ̀nà píánò ti Áfíríkà ní orúkọ, tí ó sì jà fún un títí ó fi kú ní 2020. Ohun tí ó ń sọ ni pé ohun èlò yìí ti jẹ́ ìlù láti ilẹ̀ wá, kí ọmọ Áfíríkà má ṣe tijú láti lò ó bẹ́ẹ̀: kí ọwọ́ òsì di àkànpọ̀ ìlù tí kò yẹsẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, kí a lu ohùn kan náà léraléra títí yóò fi gbóná. Nínú Scenes from Traditional Life, tí ó kọ ní 1970, ó da ọgbọ́n orin Yúróòpù ti ọ̀rúndún ogún pọ̀ mọ́ ọ̀nà ìlù Yorùbá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ Ayo Bankole, tí a bí ní 1935 kan náà, tí ó sì kú ikú òjijì ní 1976, ti gbé orin ìbílẹ̀ wọ inú píánò bákan náà nínú Nigerian Suite. Ọ̀wọ́ orin wọ̀nyí kò ṣe é tẹ̀. Àfi kí a lù ú.

Nígbà tí àwọn méjèèjì ń kọ orin, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lókè òkun ń wá bí píánò yóò ṣe fúyẹ́. Ilé iṣẹ́ Yamaha gbé CP-70 jáde ní 1976, tí ó ní òòlù àti okùn gidi tí iná ń gbé ohùn wọn jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fẹ́ alágbára méjì tàbí mẹ́ta láti gbé e. DX7 tí wọ́n tún ṣe ní 1983 fúyẹ́ ní tirẹ̀, kò sì ní okùn kankan. Ìṣirò ni ó fi ń dá ohùn, ohùn náà sì dà bí agogo ju bíi píánò lọ. Ìyípadà gidi dé ní 1984, nígbà tí Ray Kurzweil, tí Stevie Wonder ti pè níjà, gbé K250 jáde. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a gba ohùn píánò gidi sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí eyín dùùrù máa pe ohùn náà jáde. Orí ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ dùùrù orí ìtàgé dúró lé títí di òní: wọ́n á lu eyín píánò ńlá kan jẹ́jẹ́, wọ́n á lù ú ní ìwọ̀nba, wọ́n á lù ú kíkan, wọ́n á sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà MIDI, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, pín agbára ọwọ́ sí ìpele 127. Ní 2006 ni Pianoteq ti ilẹ̀ Faransé dé, tí ó pa gbígba ohùn sílẹ̀ tì, tí ó ń ṣírò bí okùn, òòlù àti pákó ṣe ń hùwà ní ìṣẹ́jú tí a bá kàn án.

Báyìí ni ohùn tí kò lè gun òkè ṣe di ẹrù tí ọmọkùnrin kan lè gbé kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ ní àwọn ìlú tí ó jìnnà sí Èkó ni ó ti inú dùùrù afẹ́fẹ́ bọ́ sínú kíbọ́ọ̀dù láìgba ọ̀dọ̀ píánò kọjá. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú ní eyín fífúyẹ́ tí sípíríǹgì ń gbé sókè, kò yàtọ̀ sí ti dùùrù afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìka, nítorí náà ọwọ́ àtijọ́ bá a lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí owó wá tó láti ra dùùrù orí ìtàgé tí eyín 88 rẹ̀ wúwo, tí ó ní òòlù nínú, ọwọ́ kò yí padà. Wọ́n ń di ohùn mú, wọ́n ń tẹ pẹ́dàálì mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, gbogbo ìka sì ń bọ́ sílẹ̀ ní agbára kan náà. Nínú ìpele 127, bóyá mẹ́wàá péré ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi èyí.

Ẹ̀bi ẹ̀rọ wà pẹ̀lú o. Máìkì méjì, ó kéré tán, ni wọ́n sábà fi ń gba ohùn píánò sílẹ̀, ọ̀kan fún etí òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ sínú sípíkà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn, ìgbì ohùn òsì a máa pa ti ọ̀tún níbòmíràn, ohun tí yóò sì kù yóò dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ó sàn láti lo ihò tí a kọ L/MONO sí lẹ́yìn dùùrù náà, kí a sì yan ohùn píánò tí a dìídì gbà fún sípíkà kan bí ó bá wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a pa ìró gbohùngbohùn tí ilé iṣẹ́ fi kún un pẹ̀lú, nítorí pé gbọ̀ngàn oníṣìmẹ́ǹtì ti ní tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìta gbangba ní Ìdànrè ni, àpáta wà níbẹ̀ tí yóò dá ohùn padà. Kí ọwọ́ òsì rọra, kí ó má bá gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ jà. Ìlànà ìwọ̀n ọwọ́ wà nínú ẹ̀rọ náà tí a lè yí títí tí jẹ́jẹ́ yóò fi jẹ́ jẹ́jẹ́ ní tòótọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ó ń gbà, ọ̀pọ̀ atẹdùùrù kò sì ṣí i wò rí. Ní ti iná mànàmáná, Cristofori kò mọ NEPA, kò sì sí ẹni tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ibi tí àṣírí ẹ̀rọ ti ń tú jù ni inú orin Euba àti irú rẹ̀. Bí a bá lu eyín kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní agbára kan náà lórí dùùrù tí a gba ohùn sínú rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa tún ara rẹ̀ sọ bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Lórí okùn gidi, òòlù kejì bá okùn tí ó ṣì ń gbọ̀n lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí méjì tí ó jọra, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí lórí awọ dùndún. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ń gbìyànjú: òmíràn ń pààrọ̀ ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ, òmíràn ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra dùùrù lè fi ìka kan ṣoṣo dán an wò ní ọjà.

Ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní gbọ̀ngàn ní Oníkan ní Èkó, píánò ńlá sì wà níbẹ̀. Ọmọ Ìdànrè tí ó bá ti fi dùùrù orí ìtàgé kọ́ orin Bankole nílé, tí ó ti kọ́ láti lù dípò kí ó tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì púpọ̀ bí ó bá jókòó sí ìdí irú èyí. Etí rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: pé ohùn tí ó lù ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ orin kan sẹ́yìn ṣì wà nínú àpótí dúdú náà, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù sì ń pàdé rẹ̀ lọ́nà.