Iyọ̀ Kíkorò Ìlú Epsom àti Ohun Tí Ó Ń Ṣe Nínú Ara

Maginẹ́síọ̀mù, èròjà tí ara ń lò fún iṣan, egungun àti ọkàn, ti di ohun tí wọ́n ń tà ní hóró àti ní ìyẹ̀fun fún àwọn tí ó fẹ́ fi kún èyí tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ, ìgbẹ́ gbuuru sì wà lára ohun àkọ́kọ́ tí a ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ ìtàn rẹ̀ dé ìlú Epsom, ní agbègbè Surrey lẹ́bàá London, a ó rí i pé nítorí àtiyàgbẹ́ gan-an ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé darandaran kan tí ń jẹ́ Henry Wicker ni ó ṣàkíyèsí ní 1618, nígbà ọ̀dá, pé àwọn màlúù rẹ̀ kọ̀ láti mu omi kan tí ó wà ní pápá, nítorí pé ó korò. Nígbà tí ó yá, òkìkí omi náà kàn pé ó ń fọ inú, àwọn ọlọ́lá London sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ṣì wà títí di òní, kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1667 pé òun mu páìntì 4 níbẹ̀, inú òun sì ṣí dáadáa.

Ní 1695, oníṣègùn Nehemiah Grew tẹ ìwé jáde ní èdè Látìnì lórí iyọ̀ tí ó ń ṣẹ́kù bí a bá se omi náà gbẹ, ìjọba ọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ní 1698 pé òun nìkan ni kí ó máa ṣe é. Síbẹ̀, Francis Moult tí ń ṣe òwò oògùn ti túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì láìgba àṣẹ, ó sì ń ṣe iyọ̀ tirẹ̀ tà, ìwà tí kò tọ́ sí ẹni tí ó ṣe làálàá ìmọ̀ náà. Láìpẹ́, wọ́n tún rí iyọ̀ yìí nínú omi kíkorò tí ó ń ṣẹ́kù níbi tí a ti ń se iyọ̀ òkun, nítorí náà kò pọn dandan mọ́ kí aláìsàn lọ sí Epsom. Onímọ̀ kẹ́mísírì Humphry Davy ni ó yọ maginẹ́síọ̀mù, èròjà tí ó wà nínú iyọ̀ náà, fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1808.

Ìwọ̀nba ni ìfun lè gbà nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó bá kù a máa fa omi mọ́ra, omi náà a sì mú ìgbẹ́ rọ̀ jáde. Ohun kan náà ni hóró òde òní ń ṣe bí a bá lò ó jù, pẹ̀lú ìrìndọ̀ àti inú rírun. Nígbà tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 1997 pé kí àgbàlagbà má ṣe lò ju mílígíráàmù 350 lóòjọ́ lọ, láìka ti oúnjẹ mọ́ ọn, ìgbẹ́ gbuuru yìí ni wọ́n fi ṣe àmì.

Ewu tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí kíndìnrín ni ó ń tọ àjẹjù maginẹ́síọ̀mù dànù. Bí kò bá lè ṣe é, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, iṣan a rọ, èémí a sì dẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní iyàrá ìgbẹ̀bí tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ Epsom kan náà ṣe abẹ́rẹ́ fún gìrì aboyún, nọ́ọ̀sì kì í fún aláìsàn ní òmíràn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo èémí rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀, àti bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ta nígbà tí a bá fi òòlù kékeré kàn án.